Ta ní ń sọ fún ara pé ọ̀rá ti tó?

Bí ẹ bá dé ọjà Arzèkè ní Parakou, ẹ ó rí ìgò òróró lórí àtẹ. Lára àwọn mìíràn, wọ́n kọ ọ́ ní èdè Faransé pé «sans cholestérol». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà lè rò pé òróró yẹn sàn ju ti ẹni tí kò kọ nǹkan kan sára ìgò tirẹ̀. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kan gbogbo òróró tí ó ti ara igi àti èso wá: òróró ẹ̀pà, epo pupa, òróró òwú, òróró sóyà àti òrí. Kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ó tó nǹkan nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ara ènìyàn àti ara ẹranko ni ó ti ń wá.

Kí ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yìí gan-an? Ṣé májèlé ni? Ta ní sì ń sọ fún ara wa pé ó ti tó? Ó ti lé ní 50 ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ti Yunifásítì Texas, ní ìlú Dallas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ń gún iyán ní Parakou. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára ohun tí ó tú àṣírí náà.

Ọ̀rá tí ara kò lè ṣe aláìní

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ́ ohun kan tí ó dà bí ọ̀rá, tí ó funfun, tí ó sì rọ̀ bí àbẹ́là. Inú òkúta tí ó máa ń dì sínú àpò òróòro ènìyàn ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ti kọ́kọ́ rí i, ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn. Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ ọmọ Faransé, ni ó fún un ní orúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó so pọ̀: ọ̀kan túmọ̀ sí òróòro, èkejì túmọ̀ sí ohun líle.

Ara kò lè wà láìsí i. Ara wa kún fún ẹ̀yà tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wà lára ohun tí a fi mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe omi òróòro tí ó ń bá wa da oúnjẹ ọlọ́ràá. Òun náà ni ara fi ń ṣe ọ̀pọ̀ họ́mọ̀nù. Họ́mọ̀nù ni ìránṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí òmíràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó ń mú kí ọmọkùnrin hu irùngbọ̀n, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni a fi ṣe é. Èyí tí ó ń mú kí oyún dúró nínú obìnrin, òun náà ni a fi ṣe é.

Nítorí náà, ara kò fi ọ̀ràn yìí sílẹ̀ fún oúnjẹ nìkan. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ó ń lò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìdun ẹni náà rárá. Iṣan yóò máa há. Bí èyí tí ń lọ sí ọkàn bá dí, ọkàn lè dá iṣẹ́ dúró lójijì. Bí èyí tí ń lọ sí ọpọlọ bá dí, rọpárọsẹ̀ ni yóò yọrí sí.

Olùgbà tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà

Ọ̀rá àti omi kì í rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ sì jẹ́ ohun olómi. Báwo wá ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe ń rìn nínú rẹ̀? Ara máa ń dì í sínú ẹrù kékeré kan tí ó lè léfòó nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹrù náà ní ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ń kó o lọ sí ẹ̀yà ara gbogbo ni a ń pè ní LDL. Ọkọ̀ tí ń kó àṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀ ni a ń pè ní HDL.

Àwọn ará Parakou mọ ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù jẹ́, nítorí ọ̀nà tí ó lọ sí Nìjẹ̀ gba ìlú wọn kọjá. Bí ọkọ̀ bá dé ẹnu ilé ìkẹ́rùsí, tí kò sí ẹni tí yóò já ẹrù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọkọ̀ yóò tò lọ rẹrẹ, títí yóò fi dí ojú ọ̀nà.

Ohun tí àwọn oníṣègùn méjì kan ní Dallas rí nínú ara àwọn ọmọdé kan nìyẹn. Orúkọ wọn ni Michael Brown àti Joseph Goldstein. Àwọn ọmọ náà ní àìsàn àjogúnbá tí kò wọ́pọ̀. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ kọjá àlà, àrùn ọkàn tí ó yẹ àwọn àgbàlagbà sì ń mú wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ní ọdún 1973 àti àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Brown àti Goldstein fi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gé lára awọ ènìyàn ṣe ìwádìí. Wọ́n rí i pé ohun kan wà lójú ògiri sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di ọkọ̀ LDL mú, kí ó sì fà á wọlé. A ó máa pè é ní olùgbà. Àwọn ọmọ aláìsàn náà kò ní olùgbà tí ó dára. Nítorí náà, ẹrù wọn kò rí ibi já sí. Ní ọdún 1985, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel.

Ìmọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí a mọ bí oògùn kan tí ó ti jáde láti Jàpáánì ṣe ń ṣiṣẹ́. Akira Endo, onímọ̀ kan níbẹ̀, ti yẹ ohun tí ó lé ní 6,000 irú èbu àti olú wò, kí ó tó rí èyí tí ó ń wá lára èbu tí ó hù sórí ìrẹsì. Èbu yìí ní ohun kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá rí èyí tí ó tó ṣe fúnra rẹ̀, yóò fi olùgbà púpọ̀ sí i síta láti fa èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mọ́. Láti inú iṣẹ́ Endo ni àwọn oògùn tí a ń pè ní statin ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1987 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀kan nínú wọn sórí àtẹ ní Amẹ́ríkà.

Ọmọ òrukàn inú sẹ́ẹ̀lì

Olùgbà ẹnu ọ̀nà nìkan kò tó. Bí ẹrù bá ti wọlé, ta ni yóò mọ̀ pé yàrá ti kún?

David Mangelsdorf, onímọ̀ nípa àwọn ohun tíntìntín tí ó gbé ẹ̀mí ró, ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Ó ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ronald Evans ní Kalifóníà, kí ó tó lọ sí Dallas. Àwọn olùgbà tí ó ń wádìí kì í gbé ojú ògiri. Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, ní kókó sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn jíìnì wà. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wa, tí ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ohun tí yóò ṣe. Ènìyàn ní 48 irú olùgbà bẹ́ẹ̀. Họ́mọ̀nù a wọlé wá, olùgbà rẹ̀ a gbà á mọ́ra, àwọn méjèèjì a sì jọ ṣí àkọsílẹ̀ kan tàbí kí wọ́n pa á dé.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n ń gbà. Àwọn onímọ̀ sọ wọ́n ní ọmọ òrukàn, nítorí pé a kò mọ ẹni tí ó ni wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òrukàn yìí ni LXR. Ní ọdún 1996, Mangelsdorf àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ rí ohun tí LXR ń dúró dè. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ara ti yí padà díẹ̀ ni. Bí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí a yí padà yìí náà yóò pọ̀ sí i. Yóò kan LXR lára, LXR yóò sì jí àwọn jíìnì tí ń da àpọ̀jù náà síta. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù náà wá di oníṣẹ́ tí ń fi ẹnu ara rẹ̀ kéde pé òun ti pọ̀ jù.

Ní ọdún 1998, wọ́n dán an wò lára eku. Wọ́n mú eku tí kò ní irú LXR tí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀, wọ́n sì fún wọn ní oúnjẹ tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀. Eku tí ara wọn pé jẹ ẹ́, ẹ̀dọ̀ wọn sì sọ ọ́ di omi òróòro. Àwọn tí kò ní LXR kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sì kún ẹ̀dọ̀ wọn títí ó fi bà jẹ́.

Àwọn ènìyàn ti rò pé oògùn tí ń jí LXR yóò tètè jáde. Ó ṣiṣẹ́ lára eku ní tòótọ́, nítorí ó dín èyí tí ó lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí ọ̀rá mìíràn pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣí, òmíràn tì. Títí di òní, iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀.

Aràn pẹ̀lú ń wá a

Ìwádìí kan náà gba ọ̀nà mìíràn tí ó kàn wá gidigidi. Àwọn aràn kan wà nínú ilẹ̀ tútù tí wọ́n máa ń gba awọ ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé sínú ara. Aràn kò lè ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ó níláti rí i gbà níta. Òun ni ó sì fi ń ṣe họ́mọ̀nù tí ń sọ fún un pé àkókò ti tó láti dàgbà. Ní ọdún 2009, Mangelsdorf àti ẹnìkejì rẹ̀, Steven Kliewer, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ mìíràn, fi hàn pé olùgbà họ́mọ̀nù náà wà nínú irú àwọn aràn bẹ́ẹ̀. Bí a bá fún aràn kékeré ní ìránṣẹ́ yìí ní àkókò tí kò yẹ, ọ̀nà ìdàgbàsókè rẹ̀ yóò dàrú. Àwọn onímọ̀ ń retí pé ibẹ̀ ni oògùn aràn tuntun lè gbà wá. Kí ó tó dé, bàtà àti ilé ìyàgbẹ́ ṣì ni ààbò wa.

Ẹ̀bùn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Párís, tí Catherine Boileau àti Marianne Abifadel wà lára wọn, ṣe ìwádìí nípa àwọn ìdílé Faransé kan tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ga láti ìran dé ìran. Wọ́n rí jíìnì kan tí a ń pè ní PCSK9. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí a ba olùgbà ẹnu ọ̀nà jẹ́. Nínú àwọn ìdílé wọ̀nyí, jíìnì náà ń ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ń ba olùgbà púpọ̀ jẹ́.

Helen Hobbs àti Jonathan Cohen ní Dallas wá bi ara wọn ní ìbéèrè kan: bí jíìnì yìí bá bàjẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n wá a lọ sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn kéré gan-an. Wọ́n rí i, àárín àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó sì ti wọ́pọ̀. Ní ọdún 2006, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú 3,363 ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n tọ́pa fún ọdún 15, nǹkan bí ènìyàn 26 nínú 1,000 ni PCSK9 wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. LDL tiwọn fi ìdá 28 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù. Àrùn ọkàn tí ó mú wọn fi ìdá 88 nínú 100 dín. Ara wọn sì le. Ní Sìmbábúwè pẹ̀lú, wọ́n ti rí irú jíìnì yìí lára àwọn obìnrin.

Ẹ rò ó wò. Wọ́n kó àwọn baba ńlá àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyí ní ẹrú láti etíkun Áfíríkà. Ouidah, ní ilẹ̀ wa níbí, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté náà. Wọn kò rí ẹrù kankan dì, ṣùgbọ́n wọ́n gbé jíìnì wọn lọ. Láti inú ohun tí wọ́n gbé lọ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti rí oògùn tuntun tí ń dá PCSK9 dúró. Abẹ́rẹ́ ni, ọdún 2015 ni wọ́n sì fún un ní àṣẹ ní Amẹ́ríkà. Iye rẹ̀ lé ní 14,000 dọ́là lọ́dún fún ẹnìkan nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ìmọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà fún ayé kò tíì padà sílé sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà. Bí orílẹ̀-èdè wa bá ń bá àwọn onímọ̀ òkèèrè ṣe àdéhùn lórí ìwádìí ẹ̀jẹ̀, ó yẹ kí iye tí a ó máa ta oògùn tí ó bá tibẹ̀ jáde wà nínú ìwé àdéhùn náà.

Ohun tí a rí ní Ìbàdàn

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé jíìnì nìkan ni yóò gbà á là. Láti ọdún 1992, àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì wà lára wọn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, fi àwọn arúgbó Yorùbá wé àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú ti ibẹ̀. Ẹni tí ó tó ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n mú. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn kéré púpọ̀ sí ti àwọn ará Indianapolis. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ pẹ̀lú kò pọ̀ láàrin wọn tó bẹ́ẹ̀. Àìsàn tí ń pa ìrántí arúgbó rẹ́ kò sì mú wọn tó ìdajì bí ó ti mú àwọn ti ọ̀hún.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìgbé ayé yàtọ̀. Àwọn arúgbó Ìbàdàn ìgbà náà ń jẹ iṣu, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, wọn kì í sì í jẹ ọ̀rá ẹran púpọ̀. Bí àwa náà bá fi oúnjẹ dídín, ṣúgà àti ìjókòó ojoojúmọ́ rọ́pò oko àti ẹsẹ̀ rírìn, a ó sọ ohun tí wọ́n ní nù.

Kí ni kí ará Parakou ṣe?

Ní ìlú tí ènìyàn rẹ̀ ti lé ní 255,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2013, ilé ìwòsàn ńlá ti Borgou àti Alibori ni ọ̀pọ̀ ń gbé ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń ṣáájú nínú ohun tí ń fà á. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sì máa ń ran ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ láti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ nǹkan wọ̀nyí.

Èkíní, bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe «bilan lipidique», ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò gbà láti wo ọ̀rá inú rẹ̀. Ẹ gba ìwé àbájáde náà, kí ẹ sì kà á fúnra yín. Ẹ ó rí «cholestérol total», «LDL» àti «HDL». Ó dára kí àpapọ̀ rẹ̀ má kọjá gíráàmù 2 nínú lítà kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi iye kan ṣoṣo dá ara yín lẹ́jọ́. Dókítà yóò wo ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti sìgá mímu mọ́ ọn.

Èkejì, bí àrùn ọkàn bá ti pa bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ní kékeré, ẹ sọ fún dókítà. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń sọ pé ayé ni ó ṣe irú ikú bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé olùgbà ẹnu ọ̀nà ni kò pé, àyẹ̀wò sì lè gba àwọn ọmọ tí ó kù là.

Ẹ̀kẹta, nípa oúnjẹ. Wàràgàsì tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi omi bomubómu dì dára, ó ń fún ara lókun, ṣùgbọ́n ọ̀rá mààlúù wà nínú rẹ̀. Jíjẹ díẹ̀ nínú ọbẹ̀ yàtọ̀ sí dídín in nínú òróró lójoojúmọ́. Ọ̀rá tí ó máa ń dì ní ń mú kí LDL ga jù lọ. Nǹkan bí ìdajì epo pupa jẹ́ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, òróró àgbọn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti òróró ẹ̀pà kéré sí i dáadáa. Ìyẹn ni ohun tí «sans cholestérol» ara ìgò kò sọ fún ẹni tí ń rà á.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí dókítà bá fún ní statin kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ le. Kò sí ìgbà kan tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ń dun ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ lo àgbo mọ́ ọn, kí ó kọ́kọ́ fi tó dókítà létí, nítorí ẹ̀dọ̀ kan náà ni yóò gbé méjèèjì.

Ara wa ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ní ẹ̀ṣọ́ nínú yàrá. Iṣẹ́ ń pọ̀ fún wọn lójoojúmọ́ láti inú àwo wa. Ẹ jẹ́ kí a dín ẹrù wọn kù.